Iná Dà?

Ọjọ́ tí mo gbé irin pẹlẹbẹ náà dé Òkèlele,
Àwáwù, ìyá mi àgbà, ń to ìkòkò sórí koríko gbígbẹ.
Kò wojú mi. Ó ní, "Sún sápá ibẹ̀ yẹn, èéfín ń bọ̀."
Mo sún. Irin náà wà nínú àpò ṣòkòtò mi,
kò tóbi ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ,
ojú rẹ̀ kan funfun bí eyín ọmọ ọwọ́.
Funfun yẹn ni oṣù méje wa.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un?
Pé ní Táńkè lókè, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí,
a lọ òkúta funfun, ó kúnná ju àtíkè lọ,
a fi afẹ́fẹ́ gbọ̀n ọ́n títí ó fi di kùrukùru,
a fa gbogbo èémí inú àpótí irin kan jáde,
a wá ṣí ihò tín-ínrín kan sílẹ̀:
kùrukùru sáré wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé,
ó forí sọ irin, gbà!
Ó fọ́. Ibi tó ti fọ́ náà ló ti lẹ̀.
Òmíràn dé, ó fọ́ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀,
títí àfọ́kù fi di awọ.
Kò sí ààrò, kò sí igi. Bí o bá fọwọ́ kan irin náà,
ó tutù bí ilẹ̀ mọ́sáláṣí ní àsùbáà.

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.
"Ọyẹ́ ti ń fọ́n erùpẹ̀ lu ògiri Ìlọrin kí wọ́n tó bí ìyá mi.
Ògiri wo ló di tánńganran?"

Òótọ́ ni. Ọyẹ́ kò yára tó.
Àwa náà tàsé fún ìgbà pípẹ́:
bí hóró bá tóbi jù, ṣe ló ń gé irin jẹ bí ikán;
bó bá kéré jù, a bá afẹ́fẹ́ yà gba ẹ̀gbẹ́ lọ,
kò ní kí irin kú ilé.
Sàráfá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní kí a pa á tì.
Èmi ni mo rántí asẹ́ Àwáwù,
bó ṣe ń sá amọ̀ sóòrùn kó tó gún un, kó tó kù ú,
tó máa ń ní amọ̀ tó bá ṣì mu omi sínú kì í gbọ́ràn.
A yan ìyẹ̀fun wa gbẹ. A kù ú lẹ́ẹ̀mejì.
Lọ́jọ́ Alàmísì kan, ó lẹ̀.

Àwáwù gba irin náà. Ó fi èékánná ta á, ó gbé e sétí.
Ó fi ọ̀bẹ ha á:
ọ̀bẹ ló fi dúdú sílẹ̀, funfun náà kò mira.
Ó wá yọ ahọ́n, ó lá a.
Amọ̀ tí kò jinná a máa fa ahọ́n mú.
Èyí kò fà á.

"Ó jinná," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.
"Iná dà?"
Mo ní kò sí.
"Kí lẹ fi yan ìyẹ̀fun?" Iná mànàmáná ni.
"Ẹ̀rọ tó ń fa èémí ńkọ́?" Òun náà ni.
"Bí wọ́n bá mú iná lọ?" A ó jókòó.
"Hẹn. Ẹ gbé iná pamọ́ ni."

Ó ṣáná sí koríko.
Nígbà tó yá, a fi ọ̀pá fa ìkòkò yọ ní pípọ́n,
a wọ́n omi èèpo irú lé wọn lórí,
wọ́n ń ké ṣàà, wọ́n ń dú díẹ̀díẹ̀.
Méjì sán. Kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Mo na ọwọ́ gba irin mi. Kò dá a padà.
Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo bá a lẹ́yìn ilé,
ìkòkò tútù láàárín orúnkún rẹ̀,
ó ń fi irin funfun náà dán ọrùn rẹ̀, yíká, yíká.
Òkúta tó jogún ti jẹ, ó ní, ó ti ń ha amọ̀.
"Tiyín yìí ń yọ̀ dáadáa.
Ẹ ṣe méjì sí i. Sábítíyù àti Ìyá Múnírù ń bèèrè."